Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kọ Nípa Akọ̀wé Lẹ́tà

Nígbà tí mo fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ tí mo lọ ń bá olóṣèlú kọ ọ̀rọ̀, ohun méjì péré ni mo gbé dání kúrò níbẹ̀: pẹ́ńsùlù àti ìfura. Pẹ́ńsùlù yẹn ti tán tipẹ́. Ìfura ṣì wà lára mi títí di òní, ìyàwó mi sì máa ń sọ pé bí òun bá ní oúnjẹ ti jinná, mo ní láti kọ́kọ́ wo ojú òun bóyá òótọ́ ni. Mi ò bá a jiyàn. Àwọn àgbà ló ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún mi pé èèyàn lè lo oògùn náà jù, kó sì ṣe ẹlòmíràn léṣe.

Ọmọ Ọ̀jọ́ ni mí. Ní àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira, nígbà tí òyìnbó ṣì jókòó sórí àga ṣùgbọ́n tí wọ́n ti ń jẹ́ ká dìbò, èmi ni mò ń kó ìròyìn agbègbè wa jọ fún ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń bá ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ. Níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi kọ́ ilé wọn sí lónìí, igbó àti igi àgbọn ló wà níbẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ìròyìn nínú igbó, nítorí náà ẹsẹ̀ mi kì í kúrò ní Ìbà àti Okokomaiko. Olóòtú wa, bàbá kan tó máa ń jẹ obì bí ẹni jẹ ẹ̀pà, ní òfin kan tí kò gba àwáwí. Ká tó gbé ìròyìn kankan wá fún òun, ká ti kà á fún ẹnì kan tí kò mọ̀wé. Bí onítọ̀hún bá gbọ́ ọ délẹ̀, ká gbé e wá. Bí kò bá gbọ́ ọ, ká lọ tún un kọ.

Ẹni tèmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ti lọ́kọ sí Ìbà kí wọ́n tó bí mi. Ìyá Ìbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Epo àgbọn ni wọ́n ń ṣe tà lẹ́yìn ilé ọkọ wọn. Mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn lẹ́yìn ìrun Alásàrí, màá jókòó sórí àpótí, màá kàwé, wọn á máa ro ìkòkò. Ibi tí kò bá yé wọn, wọn á ní, "Tún ibẹ̀ sọ bí èèyàn." Màá tún un sọ, màá sì tún un kọ. Bí mo bá mọ̀ ọ́n kọ lónìí, lẹ́yìn ìkòkò epo yẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Ọkùnrin Ọ̀jọ́ kan, oníṣòwò igi gẹdú, wá fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun ń ka ohun tí mò ń kọ, pé òun lówó, òun sì lóhùn, ṣùgbọ́n òun ò lọ́rọ̀. Kí n wá máa fún òun ní ọ̀rọ̀. Mo wo ẹ̀wù mi, mo wo bàtà mi, mo gbà. Iṣẹ́ tuntun náà kò lórúkọ nígbà náà. Àwọn kan ń pè mí ní akọ̀wé ọ̀gá, àwọn kan ń pè mí ní ẹnu ọ̀gá. Lónìí wọ́n ti rí orúkọ gígùn fún un, olùdámọ̀ràn lórí ìbánisọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan náà ni: màá ronú ohun tó yẹ kí ọ̀gá sọ, màá kọ ọ́, ọ̀gá á sì sọ ọ́ bí ẹni pé inú rẹ̀ ló ti wá. Tíṣà kan, ọmọ Ìbà, tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ, ló ń bá ọ̀gá du ipò náà.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyí. Ọjọ́rú ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá máa sọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Màá kà á fún Ìyá Ìbà gẹ́gẹ́ bí olóòtú ti kọ́ mi, màá tún un ṣe, lẹ́yìn náà màá gbé e lọ sí Okokomaiko, sọ́dọ̀ akọ̀wé lẹ́tà tó ní taipuráítà. Okokomaiko kò ju abúlé ojú ọ̀nà lọ nígbà náà, ibi tí lọ́rì tó ń lọ sí Àgbádárìgì ti ń dúró gbèrò. Ègùn ni akọ̀wé lẹ́tà yìí, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ kan ló ń jókòó sí. Ó gbọ́ Ègùn, ó gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì gún régé. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, ẹni tó ń bá ẹbí rẹ̀ ṣẹjọ́ ilẹ̀, ẹni tó fẹ́ bẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú rẹ̀, wọ́n á tú gbogbo inú wọn sílẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń tà gan-an nìyẹn, ju ìwé lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ọ̀gá máa kọ́ ilé ìwòsàn kékeré sí Ìbà. Ó ku ọ̀la kí ọ̀gá sọ̀rọ̀, tíṣà dúró ní Ìyànà Ìbà, ó ní ẹnì kan ń bọ̀ lọ́la tó máa ṣèlérí ilé ìwòsàn, kí wọ́n bá òun bi í ibi tó kó igi tó gé nínú oko wọn lọ. Lọ́jọ́ kejì, bí ọ̀gá ṣe dárúkọ ilé ìwòsàn ni ẹ̀rín sọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èbúté Ọ̀jọ́ ni mo kọ̀wé lé lórí, pé a ó tún un ṣe kí àwọn ẹlẹ́ja yé ṣubú sínú ẹrẹ̀. Kí Àbámẹ́ta tó pé, tíṣà ti wọ inú ẹrẹ̀ náà lọ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, ó dúró síbẹ̀, ó ní òun ò ní dúró de ìgbà ìbò kí òun tó mọ̀ pé ẹrẹ̀ wà ní èbúté. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí.

Ọ̀gá kì í pariwo. Ó kàn wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọ̀rọ̀ mi ń rìn ṣáájú mi," ó ní. "Wá ẹni tó ń gbé e rìn." Ó ní bí mi ò bá rí onítọ̀hún kí oṣù tó parí, a jẹ́ pé èmi ni.

Pàńsá ò fura, pàńsá já sínú iná; àjà ò fura, àjà jìn. Mo pinnu pé èmi ò ní ṣe pàńsá. Mo fura sí awakọ̀ ọ̀gá torí pé kì í sọ̀rọ̀. Mo fura sí ìyàwó ọ̀gá kékeré torí pé ó ń sọ̀rọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ mi kan láti ilé ìwé ìròyìn wá kí mi láti Èkó. Kó tó wọlé, mo ti kó gbogbo ìwé mi sábẹ́ ẹní, ló bá lọ jókòó lé e lórí gẹ́lẹ́, ó sì ń bi mí pé kí ló ń dún pẹrẹpẹrẹ lábẹ́ òun. Mo ní ewé gbígbẹ ni. Ó wò mí bí ẹni wo aláìsàn, kò sì pẹ́ tó fi lọ.

Ọjọ́ kan, mo yọ sí Okokomaiko láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọmọ ẹ̀yìn tíṣà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú akọ̀wé lẹ́tà, wọ́n forí korí. Bí akọ̀wé lẹ́tà ṣe rí mi, ó fa aṣọ bo ìwé tó wà lórí ẹ̀rọ. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn, kò sì sẹ́ni tó tún sọ nǹkan kan títí ọkùnrin náà fi dìde lọ. Kí ló ń bò? Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ, mo jí ọ̀kan nínú àwọn ìwé dúdú tó máa ń fi sáàárín ìwé méjì kí ẹ̀dà lè jáde. Mo gbé e sókè sí oòrùn, mo rí ọ̀rọ̀ ọ̀gá níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó yẹ kó wà níbẹ̀, ṣebí òun náà ló tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pinnu ohun tó fẹ́ rí, á rí i. Mo tún rò ó pé Ègùn ni, pé àwọn Ègùn abúlé yẹn sì ń tẹ̀lé tíṣà. Ojú ń tì mí láti kọ èyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò ó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́, òun á sọ ọ́ ní Okokomaiko gan-an. Mo jókòó, mo kọ ọ́. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ti kọ́ mi bí a ṣe ń yẹra fún ilé ẹjọ́. Ohun tí mo kọ ni pé: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ẹ ń sọ àṣírí ilé yín kí wọ́n lè bá yín tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbà lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì nà án sí?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kúrú, àkókò sì ti lọ, nítorí náà mi ò kà á fún Ìyá Ìbà. Akọ̀wé lẹ́tà ńkọ́? Ṣé ó ṣeé gbé lọ fún un ni? Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́ fún ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ náà kò jò. Ọ̀gá ní, ṣé mo rí i báyìí. Mo ní mo rí i.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀gá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ògbufọ̀ ń tú u sí Ègùn. Bí ògbufọ̀ ṣe dé ibi ọwọ́ òsì, gbogbo ojú yí sí abẹ́ àtíbàbà. Akọ̀wé lẹ́tà jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, kò dìde. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mi ò lè purọ́ rẹ̀. Mi ò tíì kọ ohun tó múná tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì dúró sẹ́yìn èrò, mo ń wo bó ṣe ń wọ̀ wọ́n lára. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, kò sẹ́ni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́. Àwọn obìnrin ń kó ìwé wọn lọ sí Àgbádárìgì, ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, ju kí wọ́n gbé e fún un. Ó ní ọmọ márùn-ún.

A rí ẹlòmíràn tó ń bá wa tẹ̀wé ní Ọ̀jọ́. Mo wá kọ̀wé lórí ọ̀nà tó ti Ìyànà wọ Ìbà, bó ṣe máa ń di àbàtà nígbà òjò. Mo gbé e lọ ka fún Ìyá Ìbà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kò dùn. "Sọ fún wọn pé ọ̀nà náà burú débi pé ìyàwó tuntun á ti di ìyàwó àtijọ́ kó tó dé ilé ọkọ." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè bá ọ̀gá lẹ́nu mu, mi ò sì kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà sọ̀rọ̀ ní Okokomaiko. Mo dúró láàárín èrò, mo fa fìlà bojú, mo ń ṣọ́ ọ. Ó sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ó wá ní, ọ̀nà Ìbà yìí, ìyàwó tuntun á ti di ìyàwó àtijọ́ kó tó dé ilé ọkọ. Èrò wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí lórí ìwé. Kò sí taipuráítà tó tẹ̀ ẹ́, kò sí ìwé dúdú tó gbà á sílẹ̀. Ẹnu èèyàn méjì péré ló wà láyé yìí tó lè ti jáde, ọ̀kan sì ni tèmi.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ dé Ìbà. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń da epo sínú ìgò. Mo bi wọ́n bóyá tíṣà máa ń yà sọ́dọ̀ wọn.

"Ta ni ń jẹ́ tíṣà? Ọkọ mi? Ṣé kò wá ní wọ ilé bàbá rẹ̀ ni?"

Agbo ilé kan náà tí Ìyá Ìbà lọ́kọ sí ni wọ́n ti bí tíṣà. Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, ọmọ Ọ̀jọ́, ẹ̀jẹ̀ mi. Mo gbàgbé pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn wọlé, ìyàwó ilé ni wọ́n ní Ìbà, àti pé gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sínú agbo ilé náà, bó ti wù kó kéré tó, ọkọ wọn ni. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀. Bó bá dé, wọ́n á kúnlẹ̀ kí i, wọ́n á sì fún un lésì ohun tó bá bèèrè.

"Ó bi mí pé kí ni ọmọ àbúrò mi tún kà, mo sì sọ fún un," wọ́n ní, láìsí wàhálà kankan lójú wọn. "Bí mo ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń ra epo náà ni. Láti ọjọ́ tó o ti ń kàwé fún mi, ta lo rò pé ó ń sọ ọ́ fún Ìbà? O ò sọ fún mi pé iṣẹ́ rẹ ti di èyí tí wọ́n ń fi pamọ́."

Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀ròyìn, bí Ìbà bá ti gbọ́ ìròyìn mi kí ìwé tó dé, ńṣe ni mo máa ń rìn bí ọba. Mo pààrọ̀ iṣẹ́, mo pààrọ̀ bàtà, mo sọ fún ọ̀rẹ́, mo sọ fún ọ̀tá, mi ò sọ fún ẹni tí mò ń kàwé fún. Mo wá sọ ti akọ̀wé lẹ́tà fún wọn. Wọ́n gbé ìgò sílẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń bá àwọn kọ lẹ́tà sí ọmọ wọn tó wà ní Kánò, pé ọ̀rọ̀ tó le wà nínú àwọn lẹ́tà yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ rí. "Lọ sọ fún wọn pé èmi ni," wọ́n ní.

Mo lọ bá ọ̀gá. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá ní ó di ẹ̀yìn ìbò. Ó ní bí a bá jáde sọ pé kì í ṣe ọkùnrin yẹn, wọ́n á bi wá pé ta wá ni, ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo fẹ́ fà lé wọn lọ́wọ́? Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í pa èèyàn. Mo bínú sí i, mo bínú sí ara mi jù, mo sì dákẹ́. Oúnjẹ wà nínú dídákẹ́ náà. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀gá fìgbà kan gbà pé akọ̀wé lẹ́tà jẹ̀bi, àbí ẹnì kan ṣáà ló ń wá tí wọ́n á máa wò dípò òun. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀.

Ọ̀gá wọlé. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ka ìbò, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Okokomaiko. Mo dúró sí ibi tí lọ́rì ti ń gbèrò, mo sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé irọ́ ni ohun tí a sọ, pé akọ̀wé lẹ́tà kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni, pé ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ ti jò. Ẹnì kan ń tú u sí Ègùn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìyá àgbà kan tó gbé agbọ̀n sórí wò mí títí mo fi ṣe tán. Ó bi mí pé ta ló kọ ti ìjọ́sí. Mo ní èmi ni. Ó bi mí pé ta ló kọ ti òní. Mo ní èmi náà ni.

"Kí wá ni wọ́n fún ọ lórí ti òní?" ó ní.

Mo ní wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín ẹni tó ti mọ ọjà. Ìyá náà ní ẹyin lohùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn ni wọ́n túbọ̀ ń fura sí mi, torí ẹni tí kò bá ní nǹkan lábẹ́ aṣọ, kí ló ń làágùn fún?

Akọ̀wé lẹ́tà wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ti dojú bẹ́ǹṣì dé, ó ń fi okùn di taipuráítà sínú àpò. Ó ń lọ sí Àjàṣẹ́ lápá ilẹ̀ Faransé, sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀. Ìyàwó àti àwọn ọmọ ti ṣáájú. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ìwé dúdú tí mo jí, aṣọ tó fà bo ìwé, Ìyá Ìbà, ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń gbọ́, ó ń takókó. Ó ní kí n dìde.

"Aṣọ yẹn," ó ní, "bí mo bá ń tẹ tìrẹ tí ẹlòmíràn bá yọ, mo máa ń bò ó bákan náà."

Mo ní mo ti wá mọ̀.

"Àbúrò, nígbà tó o ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí wọ́n ní ẹnì kan ta ilẹ̀ abúlé wa, mo rántí. O bi ẹni tó tà á. O bi ẹni tó rà á. O wá sọ́dọ̀ èmi tí mo kọ ìwé rẹ̀, o bi èmi náà." Ó fa okùn náà le. "Èyí tó jẹ́ tèmi, o ò bi mí."

Lọ́rì dé. Mo bá a gbé taipuráítà náà sókè, ó wúwo ju bí mo ti rò lọ, a sì tì í sáàárín àpò gaàrí méjì kó má baà yí. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó jókòó tì í. Mo dúró nísàlẹ̀, mo di ẹ̀gbẹ́ lọ́rì mú. Mo fẹ́ bi í bóyá ó lè dárí jì mí. Awakọ̀ tẹ fèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo sì ṣì ń rìn tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù èsì rẹ̀ bà mí, mi ò bi í.